Ọ̀pá Ọ́ìlì

Adétóún, gba kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n jókòó ná.
Láti Ìṣarà dé Ìlíṣàn lójoojúmọ́, kì í ṣe eré.
Gbọ́ tẹnu mi kí o tó ṣáná sí Pijó yìí.

Bàbá Ṣẹ̀yẹ, ọkọ mi, ní ìwà kan tó máa ń bí mi nínú:
kí ilẹ̀ tó mọ́ tán,
yóò ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò tẹ orí bọ inú ọkọ̀
bí ìyá tó ń wo ẹnu ọmọ tí eyín ń yọ.
Yóò fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, yóò nù ún,
yóò tún tì í bọ̀ ọ́, yóò tún fà á yọ,
yóò gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.
Èmi á pariwo láti ojú fèrèsé:
"Ṣé irin lẹ fẹ́ jẹ láàárọ̀ yìí ni? Ẹ̀kọ ti tutù!"
Kì í dá mi lóhùn.
Ìka dúdú yẹn náà ló fi ń ṣí ewé ẹ̀kọ.

Ọkọ kú. Ọkọ̀ kù.
N kò mọ̀ pé àwọn méjèèjì jọ ní àdéhùn.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wà á, n kò ṣí imú rẹ̀ wò.
Iná pupa kan tàn níwájú mi,
ó rí bíi kẹ́tùlù kékeré tó ń kán omi.
Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni.
Àpò obì mẹ́ta wà lẹ́yìn, Ṣágámù ni mò ń lọ.
Bí mo ṣe kọjá Ọ̀dẹ, ẹ́ńjìnnì ń dún
bí agolo tí wọ́n da òkúta sí.
Mo yí rédíò sókè kí n má baà gbọ́.
Nígbà tí a dé Ìpẹ́rù, ó pa ẹnu dé.

Lámídì mẹkáníìkì fa ọ̀pá náà yọ:
ó gbẹ bí orógbó èṣí.
Kò bú mi. Ó kàn ní,
"Ìyá, ta ló ń bá yín tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"
Ẹkún tí n kò sun níbi òkú,
etí títì ni mo ti sun ún, lórí àpò obì.
Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ jẹ owó obì ọdún kan.

Nítorí náà, láàárọ̀, kí ó tó gbóná,
lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu ọ̀nà wa yìí,
fà á yọ. Nù ún. Tì í bọ̀ ọ́. Fà á yọ.
Àmì méjì ló wà lára rẹ̀, àárín wọn ni kí o bá ọ́ìlì.
Bó bá wálẹ̀, bù kún un; má bù ú kọjá àmì òkè.
Bó bá funfun bí ògì, omi ti wọlé tọ̀ ọ́:
má ṣáná rárá, ránṣẹ́ sí Lámídì.

Bó bá gbóná lójú ọ̀nà, pa á, kí o jókòó.
Má ṣí ìdérí rédíétọ̀. Mo tún un wí: má ṣí i.
Lọ́jọ́ tí Lámídì bá ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè,
wàá rí ohun tí omi gbígbóná kọ sí i lápá.

Bíréèkì tó ń han, ẹkún ló ń sun, kì í ṣe orin.
Táyà tó dán bí orí alàgbà ìjọ wa,
òjò kan péré ló ń retí.
Má jẹ́ kí bẹntiróòlù gbẹ dé ìdí táńkì;
ìwọ náà ti jẹ gààrí ìsàlẹ̀ igbá rí,
o mọ ohun tó máa ń ró léyín.
Táyà tó wà ní bùútù ń fẹ́ afẹ́fẹ́.
Èmi ni mo gbàgbé. Bá mi ṣe é.

Àkísà abẹ́ ìjókòó yẹn, ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ni.
Òun ni kí o máa fi nu ọ̀pá.
Má fọ̀ ọ́. Má sì jù ú nù.

Ó yá, dìde, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Jẹ́ kí ẹ̀kọ tutù.