Ohun Tí Ẹ̀rọ Mi Ò Lè Tẹ̀

Bọ́tìnnì méjìlélógún ló wà lórí ẹ̀rọ mi.
Òun ni mo fi ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀ ní Toledo,
ọdún kọkàndínlógún rèé.
Ẹnu kan ò tíì sáré ju ìka mi lọ:
lọ́yà tó ń da ọ̀rọ̀ bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀,
ẹlẹ́rìí tó ń fi eyín jẹ ìdajì ọ̀rọ̀,
obìnrin tó sunkún títí orúkọ ọkọ rẹ̀ fi di omi lẹ́nu rẹ̀,
gbogbo wọn ni mo mú. N ò jẹ́ kí ẹyọ kan bọ́.

Òfin iṣẹ́ wa kò gùn:
ohun tí ẹnu bá sọ ni kí o tẹ̀.
Ẹni tó bá mirí, Adájọ́ Linde á ké mọ́ ọn:
"Ẹ lanu, ẹ sọ̀rọ̀. Akọ̀wé kò lè tẹ orí tí ẹ ń mì."
Òótọ́ ni. N kò lè tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, oṣù kejì, yìnyín ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé.
Cortland Mabry gun àga ẹlẹ́rìí,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Kóòtù tó wọ̀ tóbi jù ú lọ;
kóòtù tó wọ, ó tóbi jù ú lọ.

Ọlọ́pàá Haverkamp ti sọ tirẹ̀ láàárọ̀:
wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Dorr,
òun rí ọmọkùnrin kan tó ń sáré,
òun náà bá sáré tẹ̀ lé e.
Ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán:
bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e.
Kò sẹ́ni tó bèèrè èwo ni ejò.
Bó ti ń sọ ọ́, omi inú ife rẹ̀ ń gbọ̀n.
Mo rí i. N kò tẹ̀ ẹ́. Omi kì í sọ̀rọ̀.

Lọ́yà ìjọba wá dojú kọ ọmọ náà:
"Bí o kò bá jalè, kí ló dé tí o fi sá?"

Cortland ya ẹnu. Ó pa á dé.
Ó wo ìlà kẹta,
níbi tí Odessa, ìyá ìyá rẹ̀, jókòó sí
pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú lọ́rùn,
báàjì ṣì wà láyà rẹ̀.
Wọ́n wo ara wọn.
Mo wo agogo ara ògiri: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá.
Odessa bí ọkùnrin kan rí.
Ìyẹn kò sá. Ó dúró,
ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí wọ́n ti ní kó ṣe.
Kò padà wálé.
Èmi náà ni mo tẹ ìwé ẹjọ́ yẹn.

Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì, kò lọ, kò bọ̀.
Lẹ́yìn náà ló wí pé: "Mi ò mọ̀, sà."
Ìyẹn ni mo tẹ̀.

Ọdún mẹ́fà.

Ìwé náà á lọ sí Columbus.
Adájọ́ mẹ́ta tí kò rí ojú rẹ̀ rí
á máa kà á, tíì á máa tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.
Wọn á bá "Mi ò mọ̀, sà" níbẹ̀,
ó mọ́, ó gún régé, kò sí àṣìṣe kankan.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Odessa wá bá mi ní ọ́fíìsì.
Ó fẹ́ ra ẹ̀dà. Mo sọ iye ojú ìwé,
mo sọ iye owó, ojú ń ti èmi tí mò ń sọ ọ́.
Ó ṣí pọ́ọ̀sì. Ó tún pa á dé.
"Ibi tó ti wò mí, ṣé ó wà níbẹ̀?"
Mo ní rárá, mà.
"Ojú ìwé wo ni ì bá wà?"
Mo ní igba ó lé mẹ́rìnlá,
láàárín ìlà kẹjọ àti ìkẹsàn-án.
"Ta ẹyọ kan yẹn fún mi."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ó gbé ìwé lé orúnkún,
ó yá bírò mi.
Kò dá a padà. N kò sì bèèrè.