Yàrá Ẹfun

Yàrá tí a ń kó ẹfun ìkọ̀wé sí ní Ìtókò,
eku ló ni ín, eku àti àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.
Ìyáàfin Ṣóbọ̀wálé, ọ̀gá wa, ti kọ lẹ́tà sí ìjọba
títí yíǹkì fi gbẹ.
Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó gba ilé káfíńtà lọ,
ó jókòó sórí pákó:
“Ẹ ní ojú méjì ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó.
Mo ka ojú tó wà nílé ìwé. Méjìdínlógún ni.
Ẹ wá bá mi pé igba.”

Pákó yẹn ló di bẹ́ẹ̀dì.
Àwọn obìnrin tó ń fọ́ òkúta kó òkúta wẹ́wẹ́ wá,
agbọ̀n kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, fún ilẹ̀ẹ́lẹ̀.
Nọ́ọ̀sì Ẹfúnyẹmí, tó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́fà, rẹ́rìn-ín:
“Yàrá ẹfun! Ó mà yẹ mí o.”

Èmi kò fi nǹkan kan sí i.
Mo ní ilé ìwé kì í ṣe ọsibítù,
kí ìyá oníkálukú lọ se àgbo fọ́mọ rẹ̀.

Wàrìsì wà ní kíláàsì mi.
Mo pè é, kò dáhùn.
Mo tún pè é, Olúmọ ló ń wò lójú fèrèsé.
Mo ní à-pè-àì-jẹ́ ni, olóríkunkun.
Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí:
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo nà án ní táàmù kan.

Lọ́jọ́bọ̀, Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i létí,
ó fi ẹ̀mú tín-ín-rín wọlé, ó mí kanlẹ̀,
ó fa ẹ̀wà kan jáde.
Ó ti wú. Ó fẹ́ẹ̀ hù.

Ẹ̀wà tí èmi pín fún wọn ni,
kí wọ́n gbìn ín sínú òwú, kí wọ́n wo bí irúgbìn ṣe ń jí.
Márùn-ún márùn-ún ni mo kà lé wọn lọ́wọ́.
Mẹ́rin ti Wàrìsì ló hù.
N kò béèrè ìkarùn-ún.

Mo pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.
Ó fọwọ́ bo etí:
“Tíṣà, ẹ̀ ń pariwo.”

Ní Sátidé mo ru agbọ̀n òkúta kan wọ ọgbà ilé ìwé.
Ìyáàfin Ṣóbọ̀wálé rí mi, kò sọ̀rọ̀.
Ó kàn nawọ́ síbi tí màá dà á sí.