Páálí Méjì

Ní Àjárá, lẹ́yìn ilé Ìyá Sẹ́wànù,
ilé adìẹ mẹ́ta ló wà; méjì ti ṣófo.
Àgbàdo ti di góòlù.
Àkùkọ kan ṣoṣo ló kù tó ń kọ,
kò mọ ẹni tí òun ń jí.

Lóru àná, ọkọ̀ kan gba ojú ọ̀sà wọlé,
wọ́n paná, ẹ́ńjìnnì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́,
páálí lórí páálí, wọ́n fi tàpólì bò ó.
Mo bá wọn gbé méjì.
Ẹ má bi mí ní iye tí mo gbà.
Lára páálí ni mo ti kà á: Bùràsílì.

Bùràsílì! Níbi tí wọ́n kó ará wa lọ
láti etí òkun Àgbádárìgì yìí kan náà,
tí a ò gbúròó wọn mọ́.
Ṣé èsì rè é? Itan, apá, ọrùn,
kò lórí, kò lẹ́sẹ̀, ó le bí òkúta.

Wọ́n ní lọ́hùn-ún ẹ̀rọ ló ń pa á, ẹ̀rọ ló ń tu ìyẹ́,
ọkọ̀ òkun ń gbé e káàkiri ayé;
àyà ń lọ sílé olówó.

Àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀.
Èyí ò níyẹ̀ẹ́.
Lórí tábìlì Viavo, bí oòrùn ṣe ń mú,
mo rí òógùn rẹ̀, tó, tó, tó, sínú yanrìn.

Ìyá Sẹ́wànù dúró, ó béèrè iye kílò kan.
Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń rùn bí ìgbẹ́ adìẹ.
Ó rà á.