Màjàlà ní Keremeos

Bàámi, ẹ máa ń wí pé iná kì í kọjá odò,
nígbà tí a bá ń sun oko lẹ́yìn Ìgbẹ́tì,
tí ẹ ti ro ààlà yíká, tí korobá omi ti wà nílẹ̀,
tí ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè, tí ẹ ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ.
Iná tiwa gbọ́ràn. A pè é, ó wá. A ní ó tó, ó kú.
Èyí tí mo rí níbí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo wà lórí àkàsọ̀, mo ń ká ápù fún Gurdial,
ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ,
màjàlà kan bà lé mi lọ́wọ́.
Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́: ewé páìnì ni, ó ti dúdú tán,
síbẹ̀ ó ṣì jọ ara rẹ̀.
Mo fi ìka kàn án. Ó di eruku.
Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, oòrùn ti pọ́n bí epo inú àwo.

Òkè òdìkejì Similkameen ló ń jó.
Ọkàn wa balẹ̀; odò wà láàrin.
Iná dé etí omi, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń wo bàtà rẹ̀,
ó ju ògúnná kan sókè, atẹ́gùn sì hán an.
Bàámi, ó kọjá odò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tutù.

Lóru, àgbọ̀nrín mẹ́ta gba àgbàlá wa kọjá,
béárì kan tẹ̀lé wọn.
Kò wò wọ́n. Wọn kò wẹ̀yìn.

Iná kò dé oko Gurdial. Èéfín ló jó o.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi sùn lórí àjàrà.
Ẹni tó ń fi àjàrà ṣe wáìnì wá láti Penticton,
ó ju ẹyọ kan sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ pẹ́, ó wo ilẹ̀, ó tutọ́.
Ó ní, "Ó dùn o. Àmọ́ eérú ló ń kẹ́yìn lọ́fun."
Ọdún kan lọ báyẹn.
Gurdial kò fèsì. Ó ń to àpótí oyin mẹ́rìnlá tó ti dákẹ́
sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń fọwọ́ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan
bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Òjò dé, a dúpẹ́. A ti yára jù.
Ilẹ̀ tí iná yan kò mọ omi í mu mọ́,
ó ń ta á nù bí ewé kókò.
Òkè ya. Ẹrẹ̀ wọ ọgbà ṣẹ́rì, ó mù wá dé orúnkún,
odò sì dà bí omi ìdí aró;
ẹja tó gòkè wá yé ẹyin, ibo ni yóò yé e sí?

Delphine, ìyá àgbà Syilx tó ń ta písì lẹ́bàá títì,
ní àwọn baba ńlá àwọn máa ń sun òkè yìí díẹ̀díẹ̀
bí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́, tí ilẹ̀ ṣì tutù.
Ìjọba fòfin dè é. Wọ́n ní iná ò dáa.
Láti ìgbà náà ni koríko gbígbẹ ti ń gorí ara rẹ̀ bí èlé.
Mo rántí yín, mo rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú mi.
Mo sọ fún un pé èéfín ni.

Nínú oṣù karùn-ún a gòkè lọ wá olú.
Ó hù láàárín eérú, oníhò-ihò bí afárá oyin.
Àkókó ń sọ igi tó ti kú, kò sinmi.
Èso páìnì kan wà tó di ìkúùkù láti bí ogún ọdún,
iná ló tú u lọ́wọ́. Hóró rẹ̀ ti bọ́, ó ti hù:
kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ.

Wọ́n ní iná kú, ó feérú bojú.
Ojú ta ni mo wá ń wò yìí?

Gurdial ti ra igba igi ápù tuntun.
Wọ́n ṣì wà nínú àpò, gbòǹgbò wọn nínú omi.
Láràárọ̀ ni ó ń jáde síta,
tó ń kọjú sí òkè,
tó ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè.