Eré Ni

Ọ̀rẹ̀ ni yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.
Omi pupa ń kán láti ìdí kúlà
bí ẹni tó fara gbọgbẹ́ tó ń tẹ̀lé wa.
Awakọ̀ ní, "Bọ̀dá, òkú ta lẹ gbé?"
Mo ní ẹja ni. Ó wò mí nínú díńgí,
kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi kọjá Oǹdó.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò lórí omi.
Láti Ìgbọ́kọ̀dá, a gba Àyétòrò bọ́ sí gbangba,
èmi, Orímisàn, àti ọmọ rẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín,
títí ilẹ̀ fi di ìlà, tí ìlà di òfo,
tí omi tó pọ́n bí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ di aró.
Èmi ọmọ Àkúrẹ́, ọmọ ilẹ̀ olókùúta,
tó fi ogún ọdún tún aago ṣe lẹ́bàá Ọjà Ọba,
tí omi tó jìn jù tí mo mọ̀ kò ju kànga ilé wa.

Ìyá mi fa àga sún mọ́ kúlà.
"Báwo ni ẹja ṣe máa pọ́n bí ẹran màlúù?"
Ó fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn ìka.
"Ṣé ebi ń pa yín níbẹ̀ ni?"
Rárá, màmá.
"Àbí ẹ fẹ́ tà á?"
Rárá. Eré ni.
"Eré." Ó pè é bí ẹni tó fi ahọ́n kan ewúro.
"Owó epo ọkọ̀ yẹn nìkan,
páálí Títùs mélòó ni ì bá rà?"
Mo ṣírò ó nínú. Mọ́kàndínlógún. N kò sọ.

A gé e. Orí lọ sílé Bàbá Adéjùgbà.
Ìyá Tómiwá gba ìrù, ó ní òun á yan án.
Pásítọ̀ gba ìdámẹ́wàá láìbéèrè.
Kí oòrùn tó kàn tán, kúlà ti gbẹ,
ológbò òdìkejì ọ̀nà ń lá sìmẹ́ǹtì.

Ọmọ́yẹni nìkan ni kò bèèrè ẹja.
Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni ń ka lẹ́tà,
ó rí ojú okùn tó là á já.
"Èyí tó ṣe ọ́ báyìí,
òun kọ́ lẹ gbé wálé."

Òun kọ́. Ọmọ Orímisàn ló mú eléyìí.
Tèmi ṣì wà lókun.
Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú méjìdínlógún,
(iṣẹ́ mi ni, mo kà á)
ó ń fà mí, mo ń fà á,
ọ̀pá tẹ̀ bí ẹni ń kí ọba,
títí ó fi yọ, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀,
ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò,
apá rẹ̀ pọ́n bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Ojú rẹ̀ kan ń wò mí, róbótó,
bí ojú aago tí ọwọ́ rẹ̀ ti já.
Orímisàn gbé ìkọ́ sókè.
Mo ní dúró.
Mo ní gé okùn.
N kò mọ ẹni tó yá ohùn mi lò.

Alẹ́ ti lẹ́. Bẹ́ẹ̀dì ń fì.
Ògiri ń sún mọ́ mi, ó ń padà.
Mo di etí pákó mú, lórí ilẹ̀ olókùúta,
Ọmọ́yẹni sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé tèmi, ìdákọ̀ró.
Òjò ti rọ̀. Mò ń gbọ́ odò Àlà,
odò tí mo ti ń fò kọjá láti kékeré,
ó ń gbé ọ̀rá píọ́wọ́tà àti bàtà ẹsẹ̀ kan lọ.
Wọ́n ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ló ń lọ bá,
pé kò sí odò tí kì í dé ọ̀hún bó pẹ́.
Aago mẹ́rin ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù,
ọ̀kan nínú wọn, bátìrì lásán ló ń fẹ́.

Láti yàrá kejì, màmá tún sọ ọ́,
ẹnu rẹ̀ kún:
"Ẹran lèyí o."