Kíkọ Ebè ní Ṣẹ́fíìdì

Igba ebè ni bàbá mi máa ń kọ kí oòrùn tó kan àtàrí,
lóko olóko, lẹ́yìn odi Ìlá,
kí wọ́n tó ka owó lé e lọ́wọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń fún adìẹ lágbàdo.
Èmi náà ń kọ.
Ẹgbẹ̀rin ọ̀rọ̀ lórí fóòmù tí kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn dun ni,
fún ilé iṣẹ́ kan ní Líìdì tí n kò mọ ojú ẹnì kankan níbẹ̀.
Aago méjì òru ni mo ń yin oorun
fún àwọn tó ti sùn.
Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ìbídùn ti jáde láago mẹ́rin ààbọ̀,
òun ló ń wa tíráàmù àkọ́kọ́ wọ ìgboro.
Ife rẹ̀ ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú síǹkì.
Moyọ̀ rí bàtà kan, kò rí èkejì.
A wá abẹ́ àga, a wá ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ,
a bá a nínú àpò ìwé mi, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe débẹ̀.

Òkè Wọ́kìlì ga bí ẹni ń gun àjà;
yìnyín ti di dígí lójú títì,
à ń rọra rìn bí arúgbó méjì.
"Dádì, ta ni ọ̀gá yín?"
Mo ní n kò ní ọ̀gá, ara mi ni mo ń ṣiṣẹ́ fún.
Ó ronú títí a fi dé ẹnu géètì.
"Ṣé ara yín ló wá ní kí ẹ má bá mi ṣeré ni?"

Ní kẹ́míìsì ìsàlẹ̀ òkè,
obìnrin kan di aṣọ mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ.
Àádọ́sàn-án lórí ọgọ́rùn-ún.
Ì bá jẹ́ owó ọ̀rọ̀ ni, ǹ bá jó jáde.
Ó bi mí irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe.
Mo ní àgbàṣe ni.
Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó rọ̀ bí òwú.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé ìdáná wa
ó ní ilẹ̀ tí kò ju ẹní mẹ́ta lọ.
Bó bá ti oko olóko dé, tòun ti òógùn lára,
yóò kọ ebè kan síbẹ̀, nígbà mìíràn méjì,
nígbà mìíràn yóò kàn dúró wò ó.
Iṣu ibẹ̀ la fi ń ṣọdún.

Tèmi wà lábẹ́ agolo búrẹ́dì: ìwé aláwọ̀ búlúù,
ojú ewé mọ́kànlá.
Nínú rẹ̀, obìnrin kan fẹ́ la odò kọjá.
Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti ìgbà tí Moyọ̀ ti ń rákò;
n kò tíì ráyè bá a sọ ọ́ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ wọlé: ẹgbàá ọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ajá,
kó dé kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́.
Ìwé owó mẹ́ta ló wà lọ́rùn wọn láti oṣù Kẹsàn-án.
Ìbídùn ti sùn lọ lórí àga, bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀,
Moyọ̀ ń ya ajá sẹ́yìn ìwé owó iná.
Àmì kékeré ló wà láàárín kọ àti kọ̀,
bí ìgbà téèyàn tẹrí ba díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó kúrú.
Mo fi í sí i.
Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo mu omi.

Ẹ má pàtẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mítà gáàsì á tún ké bí òròmọdìẹ,
màá tún gbé ọkọ́ lọ sóko olóko,
ajá ẹlẹ́ni á jẹ, á yó lórí ìka mi.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà mo kọ ìlà mẹ́ta.
Obìnrin náà sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Omi náà tutù.
Ìgbà náà ni mo tó rí i
pé bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀.