Orúkọ Ajá Ìyá Rábì

Yanrìn ni mò ń wà lójú ọ̀sà Àjàṣẹ́,
kì í ṣe èèyàn.
Ṣùgbọ́n lóru tí ìjì ká páànù Jásìn bí ẹni ń ká ẹní,
tí omi gun àtẹ̀gùn wọlé láì kanlẹ̀kùn,
àwọn ará mẹ́rì gbé ìwé wá bá mi:
"Múyídì, ọkọ̀ rẹ tóbi. Bá wa kó wọn dé etí ilẹ̀ gbígbẹ,
kámíọ̀nù á gbé wọn lọ sí Wàndó.
Èèyàn nìkan o. Ẹranko, rárá."
Mo ní mo gbọ́.

Ìrìn àkọ́kọ́, ẹni mẹ́sàn-án.
Ọ̀kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ dání, mo gbà á.
Ọ̀kan gbé bídọ́ọ̀nù epo méjì, mo gbà á.
Ọmọkùnrin kan fi pẹ́pẹ́yẹ pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù,
ẹ̀wù ń ké.
Mo wo ibòmíràn.

Ìrìn kejì ni mo kan Ìyá Rábì,
lórí tábìlì, omi ti mu tábìlì dé orúnkún.
Ajá rúsúrúsú kan dúró tì í, etí rẹ̀ kan ya.
"Ìyá, ẹ sọ̀kalẹ̀ wá. Ajá ò lọ."
Ó wò mí. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.
"Ọkọ mi lọ, mi ò sọ̀rọ̀.
Rábì lọ sí Gàbọ́ọ̀nù.
Làmídì lọ sí Kútọnu níbí, bí ẹní ń lọ ra iyọ̀, kò yà mọ́.
Ọjọ́ tí ilé dá wáí ni mo gba ọmọ ajá yìí,
mo sọ ọ́ ní Ta-ló-kù.
Bí mo bá pè é, ó ń jẹ́ mi."
Mo gbé e. Ó fúyẹ́ bí apẹ̀rẹ̀ òfìfo.
Ajá tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà,
omi gbá a láyà, ó padà sórí tábìlì.
Mo ti ọkọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.
"Ta-ló-kù! Ta-ló-kù o!"
Ohùn àgbà, tín-ínrín bí okùn àwọ̀n,
ìjì fà á títí, kò já.
Mo ní kó dákẹ́, mo fẹ́ gbọ́ igi tó bá ń wó.
Kò dákẹ́.
Afẹ́fẹ́ ń ṣí àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣí páànù:
obìnrin kan nídìí ọkọ̀ gbọ́ *ta ló kú*,
ó bú sẹ́kún, ó ń ka àwọn ará ilé rẹ̀ lórí ìka.

Nígbà náà ni ohùn kan jáde
láti ilé tí èmi fúnra mi fi ọ̀dà sàmì sí pé ó ṣófo,
láti òkè àjà:
"Èmi ni! Èmi ló kù! Èmi àti ọmọ!"

Sẹ̀nàmì ni, aya onítáyà,
ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá nínú ọpọ́n ìwẹ̀.
Mo ní, "Mo pariwo níbí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò dáhùn."
Ó ní, "Ẹ ní ká jáde. Olè náà máa ń ní ká jáde.
Olè kì í bèèrè ẹni tó kù."

Mo padà lọ. Mi ò bi mẹ́rì.
Tábìlì ti léfòó, ó gbẹ́sẹ̀ sókè,
òṣíbàtà ti wọ yàrá.
Kò sí ajá.

Ní Wàndó, nínú kíláàsì,
Ìyá Rábì jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé,
orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n.
Mo ní mi ò rí i.
"O pè é?"
Mo ní mo wo gbogbo inú ilé.
"Mo ní, ṣé o pè é?"

Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Òjò ti dín kù.
Mo tún ọkọ̀ tì sómi, èmi nìkan,
mo ń pe orúkọ náà láti òrùlé dé òrùlé,
mo ń rọra gbé ohùn sílẹ̀ níparí rẹ̀
kó má baà di òkú lẹ́nu mi,
bí mo bá sì ti pè é tán,
mo ń gbé àjẹ̀ kúrò nínú omi,
mo ń dúró.